Nígbà tí Omi Ìfọṣọ Ń Bọ́ Ẹ̀fọ́ Ẹ̀yìnkùlé Wa

Ibi tí ẹ gbé ọkọ̀ yín sí yẹn, ilá ni mo gbìn síbẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ o, ibẹ̀ gan-an, lábẹ́ táyà ẹ̀yìn. Ẹ má wulẹ̀ dìde lọ wò ó, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ ju ìńtálọ́kì lọ. Lọ́jọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń to òkúta náà, mo dúró tì wọ́n, mo ń wo ilẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì bi mí pé, "Bàbá, kí lẹ ń wá?" Mo ní mi ò wá nǹkan kan. Irọ́ ni mo pa. Ebè ewédú mi ni mo ń fojú wá.

Ẹ ní kí n sọ bí Ìkòsí ṣe rí nígbà tí mo ṣì ń kan àga. Kò tíì pẹ́ tó bí ẹ ṣe rò. Ogún ọdún lé díẹ̀ ni. Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà yẹn. Ẹni tó bá ní in kì í fi í sápò, ọwọ́ ló fi ń gbé e kiri kí gbogbo wa lè rí i. Láti ibí yìí títí lọ sí ìsàlẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti ń dà lọ sí odò, ó ṣòro kí ẹ tó rí ilé tí kò ní ewé tútù lẹ́yìn. Ẹlòmíì á gbin ewúro mọ́ ara fẹ́ǹsì, ẹlòmíì á ní tẹ̀tẹ̀ díẹ̀ tí kò ju ìkòkò ọbẹ̀ kan lọ. Lónìí, ẹ ń fi fóònù ránṣẹ́ sí ẹlẹ́fọ̀ọ́, ó ń gbé e wá nínú ọ̀rá, ó tiẹ̀ ti bá yín gé e tán. Mi ò bá yín jà. Èmi náà ń jẹ níbẹ̀.

Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé yìí rẹlẹ̀ ju iwájú lọ. Tí òjò bá ti wọlé dáadáa, omi á dúró síbẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ á máa ké bí ẹni pé àwọn ló ń san owó ilé. Ṣùgbọ́n tí òjò bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, omi á fà, á fi ẹrẹ̀ dúdú tó ń dán sílẹ̀. Àkùrọ̀ là ń pe irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní apá Ìsẹ́yìn tí wọ́n ti bí mi. Bàbá mi máa ń sọ pé gbogbo èèyàn ló lè dáko nígbà òjò, ẹni tí kì í ṣọ̀lẹ ló ń dáko ẹ̀ẹ̀rùn. Èmi wá kọ́ṣẹ́ káfíńtà l'Ékòó kí n má baà roko mọ́ láyé mi, àfi bí mo ṣe rí ẹrẹ̀ yìí tí mo lọ yá ọkọ́. Bàbá Onílé, tó kọ́ yàrá méjìlá yìí, tó sì ń gbé inú ọ̀kan nínú wọn, ní, "Gbìn ín. Ọjọ́ tí mo bá fẹ́ lo ilẹ̀ mi, má bá mi fa wàhálà." Bí mo ṣe di Bàbá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó pe orúkọ mi mọ́ nínú ilé yìí.

Ìparí oṣù kẹwàá la máa ń kọ ebè. Ebè pẹlẹbẹ mẹ́sàn-án ni, kò sí èyí tó gùn ju ibùsùn méjì lọ. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ: bí a bá gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó á yó. Tẹ̀tẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ gbìn, nítorí kì í jẹ́ kéèyàn dúró pẹ́. Irúgbìn rẹ̀ wẹ́ ju iyanrìn lọ, nítorí náà a máa ń pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ ká tó fọ́n ọn. Tí ẹ bá fọ́n òun nìkan, ibì kan á há, ibì kan á pá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹrin, ẹ ti ń já a. Ṣọkọ á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ewédú, ilá àti ata. Tí tata bá bẹ̀rẹ̀ sí í lu ewé ní ihò, a ó bu eérú pákó tí mo sun ní ṣọ́ọ̀bù mi sí i láàárọ̀, nígbà tí ìrì ṣì wà lára ewé, kí eérú lè lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀yin ń ra oògùn nínú ike. Eérú kì í pa èèyàn.

Ká má purọ́, a máa ń ṣe àṣìṣe. Ọdún kan, Bàbá Sàlíù, ayálégbé ẹgbẹ́ wa tó ń fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé tòmátò wá sí Mile 12 láti òkè ọya, gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátò jíjẹrà mẹ́fà fún mi pé kí n fi ṣe ajílẹ̀. Mo rì í mọ́lẹ̀. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí tòmátò fi hù bo ewédú mi, ó hù láàárín ṣọkọ, ó hù lójú ọ̀nà, ó hù nínú bàtà àlòkù kan tí ẹnì kan jù síbẹ̀. Ọdún mìíràn, àgbò Iléyá tí Bàbá Sàlíù kan náà so mọ́ igi ìbẹ́pẹ já okùn, ó ti jẹ ebè ewédú méjì tán ká tó jí. Nígbà tí wọ́n ń pín ẹran náà, ìyàwó mi ní kí wọ́n bù kún tiwa, nítorí ewédú wa ló wà nínú ẹ̀.

Ohun tó le nínú oko ẹ̀ẹ̀rùn ni omi. Tí oṣù kìn-ín-ní bá ti wọlé, ọyẹ́ á mú, ètè á là, kànga ilé yìí á sì lọ sílẹ̀ débi pé okùn garawa kò ní tó o mọ́. Bàbá Onílé bá ṣòfin pé ẹni tó bá fi omi kànga bomi rin ewé, kó máa wá ilé mìíràn. Mi ò dá a lẹ́bi. Èèyàn gbọ́dọ̀ mu omi kí ewé tó mu. Ohun tí a wá ṣe nìyí. Mo gbé dúrọ́ọ̀mù kan sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Omi tí ẹ fi ṣan ìrẹsì, omi tí ẹ fi fọ ẹ̀wà, inú rẹ̀ ni kí ẹ dà á sí. Ti aṣọ ní òfin tirẹ̀. Omi kìn-ín-ní, omi ọṣẹ ni, gọ́tà ló ń lọ. Omi kejì ṣì ń hó, òun náà ń lọ sí gọ́tà. Omi kẹta tó ti mọ́, òun ni ti ọgbà. Ẹni tó bá da omi ló ń já ẹ̀fọ́. A ò kọ ọ́ sára ògiri, ṣùgbọ́n gbogbo ilé mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Bí yàrá méjìlá ṣe ń jẹ ẹ̀fọ́ tútù nínú ọyẹ́ nìyẹn.

Láti orí ibùsùn mi ni mo ti máa ń mọ ẹni tó ń da omi láàárọ̀. Bàbá Sàlíù á jù ú sínú dúrọ́ọ̀mù wàà, ìdajì rẹ̀ á dà sílẹ̀. Ìyàwó mi á máa kọrin sí i. Ti Ìyá Rẹ̀mí kì í dún púpọ̀, ó kàn máa ń pẹ́ ni, nítorí tirẹ̀ pọ̀ ju ti gbogbo wa lọ. Ẹ̀yin ò mọ ariwo ilé yìí mọ́. Jẹnẹrétọ̀ ló kù, àti ẹ̀rọ tó ń fa omi.

Ọ̀rọ̀ Ìyá Rẹ̀mí yìí gan-an ni mo fẹ́ sọ fún yín, ẹ̀fọ́ ló kàn gbé mi débẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan, mo fẹ́ẹ̀ já oúnjẹ gbà lẹ́nu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló ń bọ́ ọgbà mi. Alágbàfọ̀ ni. Ará Ìjẹ̀bú ni, ọkọ rẹ̀ ti kú, Rẹ̀mí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sì ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó ń gba aṣọ láti Kétu títí dé Anthony, léèsì, àdìrẹ, bẹ́ẹ̀dìṣíìtì, ó ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà, ó ń fi ọwọ́ rẹ̀ fọ̀ ọ́, ó ń fi ọwọ́ rẹ̀ fún un. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tí ẹ bá kí i, á dáhùn, á sì padà sídìí aṣọ rẹ̀. Nínú garawa mẹ́wàá tó bá wọ dúrọ́ọ̀mù, mẹ́fà tàbí méje jẹ́ tirẹ̀.

Lọ́dún náà, mo gbọ́ pé ìyá kan ń sin adìẹ ẹlẹ́yin ní Ìṣẹrì Olówórà, ó sì ń fi ìgbẹ́ wọn tọrẹ fún ẹni tó bá lè gbé e. Mo gbé àpò méjì sẹ́yìn ọ̀kadà, gbogbo ibi tí mo gbà kọjá ni wọ́n ti ń dímú. Nílé wa ní Ìsẹ́yìn, adìẹ tó ń jẹ̀ kiri ni, oòrùn ti máa ń gbẹ ìgbẹ́ rẹ̀ kí ìyá mi tó gbá a jọ sídìí ewé. Mo rò pé ìgbẹ́ adìẹ ò ju ìgbẹ́ adìẹ lọ. Mo pò ó mọ́ ebè mẹ́ta tó sún mọ́ dúrọ́ọ̀mù, mo bomi rin ín, mo gba ṣọ́ọ̀bù mi lọ. Ní ọjọ́ karùn-ún, etí ewé ṣọkọ ti ń pọ́n. Ní ọjọ́ kẹjọ, ebè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti gbẹ bí ẹni pé wọ́n da omi gbígbóná lé e lórí.

Ọjọ́ Sátidé ni. Iléyá ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Inú ọyẹ́ ni Iléyá ń bọ́ sí láwọn ọdún yẹn. Ìyá Rẹ̀mí jókòó sáàárín bàsíà rẹ̀, nítorí kò sí ìgbà tí iṣẹ́ rẹ̀ ń pọ̀ tó ìgbà ọdún. Kọ́sítọ́mà rẹ̀ kan láti Anthony dúró tì í, ó gbé báàgì léèsì lọ́wọ́. Mo jáde láti ẹ̀yìnkùlé, ewé gbígbẹ wà lọ́wọ́ mi.

"Ìyá Rẹ̀mí, ẹ ti fi bílíìṣì pa ẹ̀fọ́ mi."

Ó gbójú sókè. "Bílíìṣì wo, Bàbá Ẹlẹ́fọ̀ọ́?"

"Èyí tẹ́ ẹ fi ń fọṣọ àwọn èèyàn. Ta ló tún ń da omi aṣọ síbẹ̀ bíi tiyín?"

"Mi ò lo bílíìṣì rí. Ọṣẹ ni mo fi ń fọṣọ, ọṣẹ náà nìyẹn níwájú yín."

"Ẹ̀fọ́ ló wá fọ ara ẹ̀ nìyẹn?"

Àwọn kan nínú àwọn ayálégbé rẹ́rìn-ín. Kí n sọ òótọ́ fún yín, ẹ̀rín yẹn dùn mọ́ mi. Mo tún un sọ, mo gbóhùn sókè, kí àwọn tó wà nínú yàrá lè gbọ́. Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Obìnrin tó ti Anthony wá wo báàgì rẹ̀, ó wo bàsíà. "Mummy Rẹ̀mí," ó ní, "ẹ jẹ́ n lọ ná, màá padà wá." Ó gbé léèsì rẹ̀, ó lọ. Kò padà wá.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, kì í ṣeé kó. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí, àwọn oníbàárà rẹ̀ ti ń wá gba aṣọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn mìíràn ò tiẹ̀ jẹ́ kó ṣan án tán. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ ti ṣá láti ọjọ́ tó ti pẹ́, tó jẹ́ pé oòrùn ló ṣá a, ó ti rí ẹni tó máa dá lẹ́bi. Okùn tó máa ń kún láti ògiri dé ògiri, aṣọ tirẹ̀ nìkan ló kù lórí rẹ̀. Kò bá mi jà. Ó kàn ń da omi tirẹ̀ sí gọ́tà ni. Àwọn yòókù náà bẹ̀rẹ̀ sí í da tiwọn sí gọ́tà, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ kí n tún yọ sí òun pẹ̀lú ewé gbígbẹ. Dúrọ́ọ̀mù gbẹ. Ìgbẹ́ adìẹ pa ebè mẹ́ta, ẹnu mi ló pa mẹ́fà tó kù. Ata mẹ́rin péré ló yè níbi tí òjìji ìbẹ́pẹ dé.

Ní ọjọ́ Tọ́sìdé ọ̀sẹ̀ yẹn, mo padà sí Ìṣẹrì láti lọ gbé àpò mìíràn, nítorí mo ti ń rò ó pé màá tún àwọn ebè náà kọ. Mo rojọ́ ẹ̀fọ́ mi fún ìyá tó ń sin adìẹ. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Daddy, ṣé ẹ jẹ́ kó tutù kẹ́ ẹ tó lò ó?"

"Kí ló fẹ́ tutù níbẹ̀?"

"Ẹ fọwọ́ bọ àpò yẹn wò."

Mo fọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo yára fà á yọ. Inú rẹ̀ gbóná bí inú ìkòkò.

"Ẹ̀mí ń bẹ nínú ẹ̀ nìyẹn," ó ní. "Ẹ fi í sílẹ̀ fún oṣù méjì, ó kéré tán. Tẹ́ ẹ bá lò ó báyìí, jíjó ló máa jó gbogbo ewé."

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn délé lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo wo ẹ̀yìn, mo rí gbogbo àwọn tó máa fi mí rẹ́rìn-ín, mo sì dákẹ́. Iléyá dé. Ìyá Rẹ̀mí wá kí wa bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. "Ẹ kú ọdún, Bàbá Ẹlẹ́fọ̀ọ́," ó ní. Mo dáhùn, mo sì bu ẹran fún un. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo rí Rẹ̀mí nílé ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, ó ń gbálẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti ní kó dúró sílé ná, títí tí iṣẹ́ á fi padà. Ọmọ tó ku ọdún kan kó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ìyàwó mi nìkan ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ adìẹ náà fún. Òun náà rí Rẹ̀mí. Ó wọ yàrá wá, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́ àbí èmi?"

"Fún mi láyè díẹ̀."

"Àyè ọ̀la lẹ ní. Tó bá di ọ̀la tẹ́ ẹ ò tíì sọ ọ́, màá sọ ọ́ nídìí kànga, ẹ sì mọ bí mo ṣe máa ń sọ̀rọ̀."

Mo mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kí àwọn èèyàn tó lọ síbi iṣẹ́, mo jáde sí àárín àgbàlá, síbi tí mo ti bú Ìyá Rẹ̀mí gan-an. Mo ṣí fìlà mi. Mo ní èmi ni mo fi ìgbẹ́ adìẹ gbígbóná jó ẹ̀fọ́ mi, kò sí bílíìṣì kankan nínú omi Ìyá Rẹ̀mí, àti pé mo ti mọ̀ láti ọjọ́ méjìlá sẹ́yìn. Ti ìkẹyìn yẹn ló nira jù lẹ́nu mi. Bàbá Sàlíù wo ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, ó sì dùn mí ju ká ní wọ́n rẹ́rìn-ín lọ.

Ìyá Rẹ̀mí nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró. "Ẹ ṣeun, Bàbá. Àwọn tó wà níbí ti gbọ́. Àwọn tí ò sí níbí ńkọ́?"

Mo ní kó ka ilé wọn fún mi. Ilé méje ni. Sátidé méjì ni mo fi rìn ín, tòun ti ọ̀rá kékeré tí mo bu ìgbẹ́ adìẹ sí kí wọ́n lè fọwọ́ kàn án. Àwọn kan ní Kétu fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa, mo jókòó, mo jẹ yẹ̀yẹ́ mi tán. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ gbé òtítọ́ náà lọ, ó sì máa ń rẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà. Mẹ́fà nínú ilé méje náà gbé aṣọ padà. Kí oṣù tó parí, Rẹ̀mí ti padà síbi ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Anthony ni mo lọ kẹ́yìn. Obìnrin náà gbé àga fún mi, ó fún mi lómi, ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ mi. "Bàbá, mo gbà yín gbọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n tí mo bá ti gbé aṣọ mi sílẹ̀ fún un báyìí, èyí tẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ ni màá máa gbọ́ létí. Ẹ má bínú sí mi." Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Ọdún mẹ́sàn-án ni Ìyá Rẹ̀mí ti ń fọṣọ fún un.

Nígbà tí mo délé, mo bá a nídìí omi. Mo sọ ohun tí obìnrin náà sọ fún un, mi ò yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Ó fa bẹ́ẹ̀dìṣíìtì ńlá kan jáde látinú bàsíà, ó na etí rẹ̀ kan sí mi.

"Ẹ bá mi dì í mú."

A jọ fún un, òun ń lọ́ ọ sápá ọ̀tún, èmi ń lọ́ ọ sápá òsì, omi rẹ̀ ń dà sínú bàsíà láàárín wa. Nígbà tí kò sí omi lára rẹ̀ mọ́, ó sá a sórí okùn, ó sì ti bàsíà náà sí ẹsẹ̀ mi.

"Omi kẹta ni," ó ní. "Ẹ tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ tó lọ dà á."

Kò rẹ́rìn-ín, ohùn rẹ̀ ò sì le. Mo gbé bàsíà náà lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo rọra dà á sídìí ata mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mi ò tọ́ ọ wò.